Bí àdúgbò kan ní Kétu, ní Benin, ṣe lè múra àwọn ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ de ilé ẹ̀kọ́

Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá wọlé ní oṣù Sẹ́tẹ́ńbà, olùkọ́ CI, ìyẹn kíláàsì àkọ́kọ́ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ló máa ń kọ́kọ́ rí ohun tó fara pamọ́ fún wa nílé. Ó máa rí ọmọ tó ń tòògbé kí oòrùn tó mú, nítorí pé ikùn rẹ̀ ṣófo. Ó máa rí ọmọ tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ láti ẹ̀yìn tí kò dáhùn, nítorí pé etí rẹ̀ ti ń ṣọyún láti ọdún tó kọjá. Ó máa rí èyí tó ti pé ọdún 6 tí kò sí ìwé kankan tó fi hàn pé wọ́n bí i. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, wọ́n á ní orí ọmọ náà kò gba ìwé. Kò sí ohun tó ṣe orí ọmọ náà. Ohun tó yẹ kí á ti ṣe láti ìgbà tó ti wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ ni a kò ṣe, kì í sì í ṣe ìyá rẹ̀ nìkan ló yẹ kó ṣe é.

Àwa tí à ń ṣe àáró lóko mọ bí iṣẹ́ tó ju agbára ẹnì kan lọ ṣe ń rọrùn: òní oko tèmi, ọ̀la oko tìrẹ, koríko ò sì ní bo oko ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀. Irú ètò bẹ́ẹ̀ ni mo ń bẹ̀ yín láti ṣe fún àwọn ọmọ tí kò tíì wọ CI, ì báà jẹ́ àárín ìlú Kétu lẹ ń gbé, tàbí Idigny, Odometa, Okpometa, Kpankou tàbí Adakplamé. Kò gba owó púpọ̀. Ó gba ìwé kan, okùn ìwọn apá kan tí a fi ń mọ̀ bóyá ọmọ ti ń rù, àti èèyàn márùn-ún tí kò ní já ara wọn sílẹ̀.

1. Ẹ yan àwọn tó máa ṣe é

Agbo ilé 10 sí 15 ti tó. Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ìlú, torí iṣẹ́ tí ẹ kò lè fi ẹsẹ̀ rìn yí ká láàárín òwúrọ̀ kan kò ní pẹ́ kó tó dojú rú.

Àwọn tí ẹ nílò nìyí. Ìyá àgbà kan tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń wọlé, tí àwọn ìyàwó ilé kì í sá fún. Ẹni tó ń ṣe rẹlẹ́ (alárinà) fún ilé ìwòsàn ní àdúgbò yín, torí ó ti mọ ilé tí aláboyún wà àti ilé tí ọmọ ti ń ṣàìsàn. Olùkọ́ kan, pàápàá ẹni tó ń kọ́ CI tàbí mátẹnẹ́ẹ̀lì (ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi). Ọ̀dọ́ kan tí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára. Àti bàbá kan, ó kéré tán. Mo fẹ́ kí á dúró lórí ti bàbá yìí díẹ̀. Bí ìpàdé bá jẹ́ ti obìnrin nìkan, gbogbo ohun tí wọ́n bá fẹnu kò sí níbẹ̀ á tún padà lọ dúró de baálé ilé: owó kakí (aṣọ ilé ẹ̀kọ́), ìrìn àjò sí ilé ìwòsàn, ìwé ìbí. Bí bàbá bá wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló máa bá àwọn bàbá ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́.

Kí ẹ tó wọ ilé ẹnikẹ́ni, ẹ lọ kí olórí àdúgbò, ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn àrọ́ńdísímà yín (ìpín ìlú tí ẹ wà). Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí pé ẹ fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́, ẹ sì béèrè ọjọ́ tí wọ́n ń fún ọmọ ní àjẹsára. Ẹ tọrọ okùn ìwọn apá aláwọ̀ mẹ́ta lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n sì kọ́ yín ní bí a ṣe ń lò ó.

2. Ìwé orúkọ

Ibí yìí ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́, ibẹ̀ náà ló sì máa ń bàjẹ́ sí bí a kò bá fara balẹ̀.

A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Gbogbo wa la mọ èyí, síbẹ̀ mo ti rí àwọn tó ń bọ̀ láti ọ́fíìsì, tí wọ́n gbé páálí dání, tí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó ti ẹnu wọn jáde jẹ́ "Ọmọ mélòó lẹ ní?" Ìyá á rẹ́rìn-ín, á dárúkọ iye tó bá wù ú, ọmọ tó ń ṣàìsàn nínú yàrá kò sì ní sí lára wọn. Ẹ má ṣe béèrè iye. Orúkọ ni kí ẹ béèrè.

Ẹ jẹ́ kí ìyá àgbà síwájú. Bí ó bá wọlé, kó kí wọn bí a ti ń kíra: "Ẹ kú ilé o, Ìyá Àbẹ̀kẹ́. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín jí? Àwọn ọmọ ńkọ́?" Bí wọ́n bá dá a lóhùn tán, kó ní: "A wá kí àwọn ọmọ wa tí wọn ò tíì máa lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ni. Ẹ pè wọ́n kí wọ́n wá kí wa." Àwọn ọmọ á jáde wá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á kúnlẹ̀, wọ́n á dọ̀bálẹ̀, ẹ ó sì máa bi wọ́n ní orúkọ. Ẹ ti rí ọmọ, ẹ ti gbọ́ ohùn rẹ̀, ẹ sì ti rí bó ṣe ń rìn, láìjẹ́ pé ẹ ka ẹnikẹ́ni. Kí ẹ tó dìde, ẹ béèrè jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bóyá èyí tó ń sùn wà nínú ilé. Èyí tí wọn ò mú jáde ló sábà máa ń nílò yín jù.

Ojú ìwé kan fún ọmọ kan. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀, orúkọ ìyá àti ti bàbá, ọjọ́ tí wọ́n bí i, bóyá ó ní ìwé ìbí, abẹ́rẹ́ tó ti gbà, àwọ̀ tí okùn ìwọn apá fi hàn, àti ọdún tó yẹ kó wọ CI. Ẹ fi ìyókù ojú ìwé náà sílẹ̀ fún ohun tó bá tún ṣẹlẹ̀. Bí ìyá kò bá rántí ọjọ́, ẹ wo ìwé àjẹsára ọmọ náà, torí ó sábà máa ń wà níbẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ béèrè nípa ohun tó ń lọ nígbà náà: ṣé wọ́n ti kórè àgbàdo, ṣé Iléyá ti kọjá, ta ló tún bímọ ní ọ̀sẹ̀ yẹn?

Ìwé yìí kì í ṣe ohun tí à ń kà fáyé gbọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ni kó máa tọ́jú rẹ̀. Ohun tí ẹ bá gbọ́ nínú ilé kan, ẹ kò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ nínú ilé kejì. Lọ́jọ́ tí àṣírí ìyá kan bá jáde láti inú ìwé yìí, kò ní sí ilé tó máa ṣí ilẹ̀kùn fún yín mọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ máa yí ká lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ní ọjọ́ kan náà tí gbogbo èèyàn mọ̀, kó má sì bọ́ sí ọjọ́ ọjà.

3. Ìwé ìbí

Bí agbẹ̀bí bá ti fún yín ní ìwé pé wọ́n bí ọmọ sí ilé ìwòsàn, ẹ má ṣe tì í sínú àpótí. Ẹ gbé e lọ sí ọ́fíìsì àrọ́ńdísímà tàbí mẹ́rì (ọ́fíìsì ìjọba ìlú) ní kíá, kí wọ́n kọ orúkọ ọmọ náà sílẹ̀. Fún ọmọ tí wọ́n bí sílé, ẹ kọ́kọ́ lọ bá rẹlẹ́ àti olórí àdúgbò. Bí àsìkò bá ti kọjá, ilé ẹjọ́ ni ẹ máa gbà lọ kí adájọ́ tó lè fún yín ní ìwé tó dúró fún un. Ìyẹn gba owó àti àkókò, nítorí náà ẹ wo inú ìwé orúkọ, ẹ kó gbogbo ọmọ tí ọ̀ràn wọn jọra pọ̀, kí bàbá kan sì bá gbogbo wọn rin ìrìn náà.

Ọmọ lè wọ CI kí ìwé rẹ̀ tó jáde, àwọn olùkọ́ kan máa ń gbà á. Ṣùgbọ́n bó bá dé CM2, kíláàsì tó kẹ́yìn, tó fẹ́ ṣe CEP, ìyẹn ìdánwò ìparí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n á béèrè rẹ̀. Ó dùn mí púpọ̀ nígbà tí mo bá gbọ́ pé ọmọ tó mọ̀wé dúró sẹ́yìn nítorí pépà kan.

4. Àjẹsára

Abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ ni BCG, tó ń dènà ikọ́ ẹ̀gbẹ, àti ẹ̀kán tó ń dènà rọpárọsẹ̀, nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bí i. Lẹ́yìn náà, ọmọ á padà ní ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10 àti ọ̀sẹ̀ 14. Ní oṣù 9, á gba ti èèyi, tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní rùjọ́ọ̀lù, àti ti ibà pọ́njú. Ti oṣù 9 yìí máa ń sọnù, torí pé ọmọ ti ń rá, ara rẹ̀ yá, ìyá sì rò pé ó ti parí. Ẹ fi pẹ́ńsù kọ oṣù náà sí òkè ojú ìwé ọmọ náà, kí ẹ lè rí i bí ẹ bá ti ṣí ìwé. Abẹ́rẹ́ ibà màlárìà pẹ̀lú ti wọlé: oṣù Épírì 2024 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Benin, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ọmọ sì máa gbà á kó tó pé. Ẹ bi nọ́ọ̀sì yín ní oṣù tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bọ́ sí. Ó tún ń fún àwọn ọmọ ní fítámì A lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà láti ìgbà tí wọ́n bá ti pé oṣù 6, àti oògùn aràn láti ọdún kan.

Ẹ kéde ọjọ́ abẹ́rẹ́ ní mọ́ṣáláṣí, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní ọjà. Bí ọdún Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bá sún mọ́lé, ẹ lọ bá Ẹ̀fẹ̀, akọrin òru Gẹ̀lẹ̀dẹ́, sọ̀rọ̀ ṣáájú. Àwọn ìyá wa ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń bọlá fún, ohun tí Ẹ̀fẹ̀ bá sì wí lóru, ìlú á máa wí i di òwúrọ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìlera ọmọ bá ibẹ̀ mu gan-an.

5. Apá ọmọ àti oúnjẹ rẹ̀

Okùn ìwọn apá wà fún ọmọ oṣù 6 sí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5. Ẹ fi yí apá òsì ọmọ ká, ní ìdajì láàárín èjìká àti ìgbọ̀nwọ́, kí apá rẹ̀ dẹ̀. Kí okùn náà má fún jù, kó má sì tú. Bí ó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 12.5 sókè, àwọ̀ ewé ló máa fi hàn. Bí ó bá wà láàárín 11.5 sí 12.5, àwọ̀ ìyeyè ni, ọmọ náà ti ń rù, ó sì yẹ kí nọ́ọ̀sì rí i ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Bí ó bá dín sí 11.5, pupa ni: ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ gbé e lọ. Ẹ tún fi àtàǹpàkò tẹ ẹsẹ̀ ọmọ méjèèjì fún ìgbà díẹ̀. Bí ojú ibi tí ẹ tẹ̀ bá jìn tí kò sì tètè kún, ẹ má wo ohun tí okùn wí, ilé ìwòsàn ni. Ọmọ tó wú kò sanra.

Ìwọ̀n kì í tọ́ ọmọ. Ohun tó wà nínú àwo ló ń tọ́ ọ. Títí di oṣù 6, ọmú nìkan, kò sí omi, kò sí àgbo. Láti oṣù 6, ọmú á máa bá a lọ títí di ọdún 2, ṣùgbọ́n oúnjẹ gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀. Ẹ̀kọ àgbàdo nìkan, tó ṣàn bí omi, ló ń fa ìrù ọ̀pọ̀ ọmọ wa. Ó ń kún ikùn, kò sì ní ohun tí ara fi ń dàgbà. Kétu kò sì ṣaláìní: àgbàdo wà, ẹ̀wà wà, ẹ̀pà wà, sójà wà, wàrà Fúlàní wà ní ọjà.

Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ jẹ́ kí àwọn ìyá dáná pọ̀ nínú agbo ilé kan. Kí olúkúlùkù mú ohun tó ní wá. Ìyẹ̀fun kókó tó ń gbé ọmọ dìde kò ṣòro: ìwọ̀n mẹ́ta àgbàdo, ìwọ̀n kan sójà, ìdajì ìwọ̀n ẹ̀pà. Ẹ ṣa sójà, ẹ yan án títí tí á fi pọ́n tí òórùn rẹ̀ á yí padà, torí sójà tí kò jinná máa ń da ikùn ọmọ láàmú. Ẹ yan ẹ̀pà náà, ẹ bó èèpo rẹ̀. Ẹ ju gbogbo hóró tó ti bu tàbí tó ti dúdú nù, ti àgbàdo pẹ̀lú, torí májèlé wà nínú bíbù yẹn tí iná kò lè pa. Ẹ lọ gbogbo rẹ̀ pọ̀ ní ẹ̀rọ, ẹ sì tọ́jú rẹ̀ sí ibi gbígbẹ. Bí ẹ bá fẹ́ sè é, ẹ fi omi tútù pò ó kí ó má dì, ẹ máa rò ó lórí iná títí tí á fi ki. Bí ẹ bá fi ṣíbí bù ú, kó má ṣe ṣàn dànù. Ẹ ta epo pupa díẹ̀ sí i, tàbí kí ẹ gún ẹja gbígbẹ kúnná sínú rẹ̀. Fún ọmọ tó ti ń jẹ oúnjẹ ilé, ẹ fi ewé mọ̀ríńgà tàbí ẹ̀fọ́ sínú ọbẹ̀ rẹ̀, kí ó sì ní àwo tirẹ̀. Ọmọ ọdún 2 tó bá ń bá àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹun nínú àwo kan kò lè bá wọn sáré.

Ọ̀rọ̀ ẹyin máa wáyé. Àwọn àgbà kan gbà pé ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin máa di olè. Ẹ má bá wọn jà. Ìyá àgbà tó wà nínú ẹgbẹ́ yín ni kó bá wọn sọ ọ́, kó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ bó ẹyin fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ níṣojú gbogbo wọn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹyin kan tí adìyẹ yín yé sílé ń ṣe ara àti ọpọlọ ọmọ lóore.

Ẹ ṣọ́ àwọn oṣù tí àgbàdo àtijọ́ ti ń tán, tí tuntun kò sì tíì gbó. Ẹ̀ẹ̀mejì ni kí ẹ yí ká lóṣù ní àsìkò yẹn.

6. Bí ara ọmọ kò bá yá

Ìgbẹ́ gbuuru: ẹ fún un ní omi SRO (omi iyọ̀ àti ṣúgà), páálí kan fún omi mímọ́ lítà kan. Bí kò bá sí, síbí tíì 6 ṣúgà àti ìdajì síbí tíì iyọ̀, tí ẹ gé ojú rẹ̀ dọ́gba, nínú lítà kan. Ẹ béèrè sínkì lọ́wọ́ rẹlẹ́. Ara gbígbóná: ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún ibà ní ọjọ́ náà, kí ọmọ sì máa sùn lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì lóru gbogbo. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni da àgbo rẹ̀ nù, ṣùgbọ́n ẹ má fi àgbo dúró de ọjọ́ kejì.

Bí ọmọ kò bá lè mu ọmú tàbí omi mọ́, bí ó bá ń bì gbogbo ohun tó jẹ, bí gìrì bá mú un, bí ó bá ń mí hẹlẹ-hẹlẹ, tàbí tí ẹ jí i tí kò jí, ẹ má pe ìpàdé. Ẹ ti gbọ́dọ̀ bá ẹlẹ́ẹ̀mì (ọlọ́kadà) kan ṣàdéhùn ṣáájú pé ó máa gbé ọmọ nígbàkigbà, kí ẹgbẹ́ tọ̀ǹtínì (èsúsú) sì san owó rẹ̀ lẹ́yìn náà.

7. Ojú, etí, àti ohun tó yẹ kí ọmọ mọ̀

Láti ọdún 4, ẹ yẹ etí wò: ẹ dúró sẹ́yìn ọmọ, kí ẹ sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé kó mú bàtà rẹ̀ wá. Ẹ fi ọwọ́ bo ojú rẹ̀ kan, ẹ na ìka sókè láti òkèèrè, kó na iye kan náà, lẹ́yìn náà ẹ bo èkejì. Ọmọ tí kò gbọ́ tàbí tí kò rí, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ mú un lọ, kí ẹ sì sọ fún olùkọ́ kó fi í síwájú kíláàsì.

Àwọn òbí máa ń yára kọ́ ọmọ ní A, B, C. Èyí kò burú, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló ń gbé ọmọ dúró ní CI. Faransé ni wọ́n máa fi kọ́ ọ, ọmọ tí èdè ilé rẹ̀ sì ti jinlẹ̀ ló máa tètè rí ibi tí á gbé èdè tuntun lé. Ẹ pa àlọ́ fún un, kó sì pa á padà fún yín. Ẹ jẹ́ kó ta ayò, kó máa ka ọmọ ayò bó ṣe ń jọ̀ ọ́. Kó lè sọ orúkọ rẹ̀, ti bàbá rẹ̀ àti àdúgbò rẹ̀. Kó mọ bí a ṣe ń fọwọ́, bí a ṣe ń lọ sí ilé ìyàgbẹ́, bí a ṣe ń dúró de ẹlòmíràn. Kó fi igi yàwòrán lórí iyẹ̀pẹ̀, kí ìka rẹ̀ lè mọ bí á ṣe di ṣọ́ọ̀kì mú.

Níbi tí mátẹnẹ́ẹ̀lì bá wà nítòsí, ẹ mú wọn lọ láti ọdún 3. Níbi tí kò sí, ẹ ṣe é bí àáró: òwúrọ̀ kan, ìyá méjì á mójú tó gbogbo ọmọ lábẹ́ ìbòòji, àwọn yòókù á lọ sí oko tàbí ọjà. Lọ́jọ́ kejì, ìyá méjì mìíràn. Ọmọ tó ti mọ́ lára láti fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta kò ní sunkún dé Nòfẹ́ńbà.

8. Ọdún CI gan-an

Láti ọdún 2006 ni wọn kò ti gba owó ilé ẹ̀kọ́ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba mọ́, ṣùgbọ́n kakí, ìwé àti bàtà ṣì wà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ tọ̀ǹtínì kakí ní Jánúárì. Ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ kí oṣù Sẹ́tẹ́ńbà tó dé, kí ẹ sì fi ojú ìwé ọmọ náà han olùkọ́.

Bí ilé ẹ̀kọ́ yín bá wà lára àwọn tí wọ́n ń gbọ́únjẹ fún lábẹ́ ètò tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ní 2017, ẹ wọ ìgbìmọ̀ kàńtíìnì. Ìrẹsì àti ẹ̀wà lè dé, ṣùgbọ́n igi ìdáná, ẹ̀fọ́ àti àwọn tó máa sè é, àdúgbò ló ń pèsè wọn. Bí kò bá sí kàńtíìnì, ẹ pín òwúrọ̀ láàárín agbo ilé, kí kókó gbígbóná wà fún àwọn ọmọ CI kí wọ́n tó jáde.

Ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan títí di Kérésìmesì, kí ọ̀kan nínú yín lọ bi olùkọ́: ta ni kò wá, ta ló ń sùn, ta ni kò sọ̀rọ̀. Kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì lọ sí ilé ọmọ náà ní ọ̀sẹ̀ yẹn.

Ọ̀pọ̀ ìdílé ní ẹkùn wa máa ń kọjá sí Nàìjíríà láti dáko tàbí ṣòwò, kí wọ́n tó padà. Bí ẹ bá gbọ́ pé wọ́n fẹ́ kó lọ, ẹ rí i pé ìwé àjẹsára àti ìwé ìbí wà nínú ẹrù wọn. Ẹ ṣe ẹ̀dà ojú ìwé ọmọ náà fún ìyá rẹ̀, ẹ sì gba nọ́ḿbà fóònù ẹbí tó kù sílé. Ẹ má ya ojú ìwé náà kúrò. Ẹ kọ oṣù tí wọ́n lọ àti oṣù tí wọ́n ní àwọn máa dé sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹni tó bá gba ìwé lọ́wọ́ yín lọ́dún tó ń bọ̀ lè mọ ẹni tó yẹ kó wá lọ béèrè.